Ewìrì Wọ Inú Píkọ́ọ̀pù

Ẹ̀yin ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ̀yin tí ẹ ń ta tòkunbọ̀, àti ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé yín sílẹ̀ wá síbí, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì onítọ́bò inú píkọ́ọ̀pù ló kó wa jọ, ṣùgbọ́n ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí.

Ẹni tó bá ti dé ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ rí yóò rántí ọmọ tó máa ń jókòó sídìí ewìrì. Ọ̀gá ló ń lu irin, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ló ń fínná. Bí ó bá dẹwọ́, èédú á ṣì máa pọ́n, àmọ́ irin ò ní rọ̀. Bí ó bá tún múra sí ewìrì, ààrò kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, irin á sì rọ̀ débi tí ọ̀gá fẹ́. Ààrò ò tóbi ju bó ṣe wà lọ. Atẹ́gùn ni wọ́n fi kún un.

Tọ́bò nìyẹn. Ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò ń mí bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń mí: písítìnì á sọ̀kalẹ̀, á fa ìwọ̀n atẹ́gùn tó bá lè fà, ìwọ̀n atẹ́gùn yẹn ló sì máa sọ ìwọ̀n epo tó lè jó. Bí o bá ń fẹ́ agbára sí i, àfi kí o mú sílíńdà tóbi sí i, tàbí kí o fi òmíràn kún un. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́jọ, V8, fi jọba nínú píkọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tọ́bò gba ọ̀nà mìíràn. Èéfín tó ń jáde, èyí tí à ń dà nù nídìí sàìléńsà tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ní kó máa yí abẹ̀bẹ̀ kan. Abẹ̀bẹ̀ yẹn ní èkejì rẹ̀ lórí ọ̀pá kan náà, èkejì yìí ló ń fa atẹ́gùn láti ìta tó ń kì í wọ inú sílíńdà. Ọ̀pá náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó tún ń ṣe èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èéfín tó lè gbóná dé nǹkan bí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, lórí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó wà láàárín òun àti bẹ́árìn rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀, nítorí òun gan-an ló mú mi wá síwájú yín.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Switzerland, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1905. Àwọn oní-díísù ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi, rélùwéè, lọ́rì. Nígbà tó di 1962, General Motors gbé e wọ ọkọ̀ ilé tó ń jẹ bẹntiróòlù, Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair. Ti Jetfire kọ́ni lọ́gbọ́n. Wọ́n fi táńkì kékeré kan sínú rẹ̀, omi àti mẹ́tánóòlù ló wà nínú táńkì náà, ẹ́ńjìnì sì ń fọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ mọ́ epo kí inú sílíńdà má baà gbóná jù. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ máa rọ ọ́ kún. Ọ̀pọ̀ wọn kì í rọ ọ́. Bí táńkì bá gbẹ, ọkọ̀ á fúnra rẹ̀ dín agbára kù, oní-ọkọ̀ á máa bínú pé wọ́n ta ọkọ̀ aláìlókun fún òun. Ọdún méjì péré ni wọ́n fi ṣe Jetfire onítọ́bò.

Kí ló dé tí wọ́n fi nílò omi yẹn? Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ kan ṣe kí n tó dáhùn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bí a bá ní "ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì", ohun tí a ní lọ́kàn ni pé ó ti parí: bẹ́árìn ti jẹ, irin ti ń lu irin, owó ńlá ti dé. Nọ́ọ̀kì tí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnì ń sọ yàtọ̀ sí èyí. Tiwọn ni pé kí epo àti atẹ́gùn tó wà ní igun sílíńdà gbiná fúnra wọn kí iná tí pulọ́ọ̀gì dá tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Iná méjì á pàdé, ohùn kan á máa dún ṣáń-ṣáń bí ìgbà tí èèyàn ń mi ìṣó nínú agolo. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, orí písítìnì á fọ́, ríìngì rẹ̀ á kán. Ohun tó sì ń fa irú iná bẹ́ẹ̀ ni ìgbóná àti ìfúnpọ̀. Tọ́bò ń fún atẹ́gùn pọ̀, atẹ́gùn tí a bá sì fún pọ̀ a máa gbóná. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí. Nítorí náà, láti 1962 títí di ẹ̀yìn 2000, ẹni tó bá fi tọ́bò sínú ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù ń sanwó rẹ̀ níbòmíràn: kò lè jẹ́ kí písítìnì fún epo àti atẹ́gùn pọ̀ tó bó ṣe yẹ, ẹ́ńjìnì á sì máa mu epo bí ẹja.

Ohun tó tú okùn yìí ni kí a má fọ́n epo sí ẹnu ọ̀nà mọ́, kí a fọ́n ọn tààrà sínú sílíńdà. Nínú ẹ́ńjìnì tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹni mowó, irú 2.7 oní-bẹntiróòlù tó wà nínú Hilux, nọ́sù, ẹnu páìpù tó ń tú epo, ń fọ́n epo sẹ́yìn fáàfù, ìlẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọ sílíńdà, agbára tó sì fi ń fọ́n ọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti atẹ́gùn inú táyà. Èyí tuntun, inú sílíńdà gan-an ni ẹnu nọ́sù wà. Ẹ rántí bí apá ṣe máa ń tutù nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fi sípírítì nù ún kó tó gún wa lábẹ́rẹ́. Sípírítì ń fò lọ, ó sì ń gbé ooru ara wa lọ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni bẹntiróòlù tó bá fò lọ nínú sílíńdà ṣe ń gbé ooru atẹ́gùn ibẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí táńkì omi Jetfire ń ṣe, epo fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é báyìí, kò sì sí ohun tí oní-ọkọ̀ máa gbàgbé láti rọ.

Èyí náà ò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Lọ́rì 911 tí a bá láyé ń fọ́n díísù rẹ̀ tààrà sínú sílíńdà, Mercedes 300SL ti 1954 sì ń ṣe é pẹ̀lú bẹntiróòlù. Mitsubishi ló gbé e padà wá sọ́jà ní 1996 pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ tọ́bò ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀kan ń mú ooru wá, èkejì ń kó o lọ.

Ford ló kọ́kọ́ fi gbogbo orúkọ rẹ̀ lé e lórí nínú píkọ́ọ̀pù. Nínú F-150 ọdún 2011, wọ́n gbé ẹ́ńjìnì V6 3.5 kan kalẹ̀ tó ní tọ́bò méjì, wọ́n pè é ní EcoBoost. Ó ní agbára ẹṣin 365, tọ́ọ̀kì rẹ̀, ìyẹn okun tó fi ń yí ọ̀pá, jẹ́ 420 pound-feet. V8 5.0 tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ kan náà ní agbára ẹṣin 360, tọ́ọ̀kì 380. Ẹ má wo agbára ẹṣin yẹn rárá, èyí tó yẹ kí ẹ wò ni ibi tí tọ́ọ̀kì ti dé. Ti V8 dé ògóńgó nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ìgbà 4,250 ní ìṣẹ́jú kan. Ti V6 onítọ́bò dé tirẹ̀ ní 2,500. Ẹni tó bá ti fa ẹrù gun òkè rí mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ pariwo, kó yí jíà padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, kó tó rí okun. Èkejì kàn ń gùn ún lọ jẹ́jẹ́ ni. Fún ọkọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹrù, èmi ò mọ àǹfààní tó ju èyí lọ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Lọ́dọ̀ wọn, V8 ju ẹ̀rọ lọ. Àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi V8 kó koríko màlúù, tí bàbá bàbá rẹ̀ náà fi V8 kó o, ò rí ìdí tí òun á fi ra sílíńdà mẹ́fà. Ford wá ṣe ohun kan tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n mú ẹ́ńjìnì EcoBoost kan, wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ ìdánwò, wọ́n fìyà jẹ ẹ́ títí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi tó ti máìlì 150,000. Wọ́n gbé e sínú F-150, wọ́n fi wọ́ gẹdú nínú igbó Oregon. Wọ́n fi fa ẹrù 11,300 pọ́n-ùn fún wákàtí 24 ní pápá ìsáré Homestead lẹ́gbẹ̀ẹ́ Miami. Wọ́n tún fi sáré Baja 1000 nínú aṣálẹ̀ Mexico. Ní oṣù Kìíní 2011, wọ́n tú u palẹ̀ lójú gbogbo èèyàn níbi àfihàn ọkọ̀ ní Detroit, kálukú ń yọjú wo písítìnì. Ìpolówó ọjà ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìpolówó tó ní ẹ̀rí ni. Nínú ọdún yẹn gan-an ni F-150 onísílíńdà mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í tà ju ti V8 lọ.

Síbẹ̀, ẹ bi mí pé kí ni kò sí nínú ìdánwò yẹn. Ọ́ìlì tí a kò mọ ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Epo inú kẹ́ẹ̀gì ò sí níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó dúró tì í mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti irú ọ́ìlì tó jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí nìyí: V8 àtijọ́ máa ń dárí ji aṣìṣe wa, nítorí irin rẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ tí à ń bẹ̀ ẹ́ sì kéré sí okun rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tuntun yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀, àní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tó dúró láàárín òun àti ìparun ti kúrò nínú irin, ó ti bọ́ sínú ọ́ìlì, sínú epo, àti sí ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹnìkan á sọ pé kí ló dé tí wọ́n ṣe é nígbà náà. Òfin ni. Lẹ́yìn tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá ti epo mọ́ Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ní 1973, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin kan ní 1975 pé ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá tà gbọ́dọ̀ máa rin iye máìlì kan, bí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, lórí gálọ́ọ̀nù epo kan. Ọwọ́ òfin yìí rọ̀ sí píkọ́ọ̀pù tẹ́lẹ̀. Ní 2012, lábẹ́ ìjọba Obama, wọ́n gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún ọkọ̀ ọdún 2017 sí 2025, ọwọ́ ibẹ̀ kò rọ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ta píkọ́ọ̀pù lọ́pọ̀lọpọ̀ gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí ẹnu V8.

Ṣé ó wá dín epo kù lóòótọ́? Mi ò ní purọ́ fún yín. Lórí òṣùwọ̀n ìjọba wọn, F-150 EcoBoost 2011 tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan rìn ń lọ máìlì 16 nínú ìlú àti 22 lójú ọ̀nà márosẹ̀ lórí gálọ́ọ̀nù kan. V8 5.0 ń lọ 15 àti 21. Máìlì kan péré! Ti Toyota ló wú mi lórí. Tundra 2021 tó ní V8 5.7 ń lọ máìlì 15 bí a bá pa ìlú àti ọ̀nà márosẹ̀ pọ̀. Ti 2022, tó ní V6 onítọ́bò méjì, ń lọ 20. Ẹni tó bá rin máìlì 300 á jó gálọ́ọ̀nù 20 nínú ti àkọ́kọ́, á jó 15 nínú ìkejì. Àmọ́ òfìfo ni wọ́n fi ń wọn epo yìí, kò sí ẹrù lẹ́yìn. Bí o bá di ẹrù ru ú, tọ́bò á fẹ́ ewìrì, iná tó bá sì ń funfun gbọ́dọ̀ jẹ èédú. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa fa ẹrù láti àárọ̀ dalẹ́, kó má ra píkọ́ọ̀pù onítọ́bò nítorí epo. Kó rà á nítorí okun rẹ̀.

Àwọn tó kù tẹ̀ lé Ford. Chevrolet fi ẹ́ńjìnì 2.7 onísílíńdà mẹ́rin tó ní tọ́bò sínú Silverado 2019, mẹ́rin o, nínú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀. Tacoma bọ́ sí 2.4 onítọ́bò ní 2024. Ram yọ V8 Hemi kúrò nínú 1500 ti 2025, ó fi sílíńdà mẹ́fà onítọ́bò méjì rọ́pò rẹ̀, èyí tó lókun jù nínú wọn sì ní agbára ẹṣin 540. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà 2025, Ram kéde pé Hemi ń padà bọ̀ fún 2026, nítorí àwọn oníbàárà bèèrè fún un. Ohùn V8 wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, mi ò bá wọn jà sí i.

Ẹ ti lè gbọ́ pé ní 2024, Toyota pe nǹkan bí 102,000 Tundra àti Lexus LX onítọ́bò padà. Òótọ́ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èérún irin láti ìgbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ́ńjìnì ṣẹ́kù sínú àwọn kan, ó sì lè ba bẹ́árìn jẹ́. Àwọn èèyàn ti fi èyí sọ pé tọ́bò ò dára. Àmọ́ ní oṣù Kẹrin 2025, General Motors pe nǹkan bí 600,000 ọkọ̀ padà ní Amẹ́ríkà nítorí V8 6.2 tí kò ní tọ́bò kankan, bẹ́árìn àti ọ̀pá kírànkì ni ọ̀ràn tiwọn náà. Ẹni tó bá fẹ́ dá tọ́bò lẹ́bi kó wá ẹ̀rí mìíràn.

Àwọn ọkọ̀ yìí ni wọ́n ń bọ́ sí èbúté wa báyìí. F-150 2012, 2013, 2015 ti wà lójú títì Ìbàdàn, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, ẹni tó kọ́kọ́ lò wọ́n ti lo ìgbà èwe wọn tán. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí jálá kan kúrò ní bíi ₦190 tó kọjá ₦480, àwọn èèyàn ń wá ẹ́ńjìnì kékeré, àwọn tó ń tà á sì ń fi ẹ̀rín sọ fún wọn pé "V6 ni, kì í jẹpo". Kò burú. Àmọ́ ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ mọ ohun tó rà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ fáàfù. Nígbà tí nọ́sù ń fọ́n epo sẹ́yìn fáàfù, bẹntiróòlù ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, a ò tilẹ̀ mọ̀. Nígbà tí epo bọ́ sínú sílíńdà, kò sí ẹni tó ń fọ fáàfù mọ́. Ikùukùu ọ́ìlì tó ń ti inú ẹ́ńjìnì gòkè padà á wá lẹ̀ mọ́ ọn, ooru á yan án, yóò di èédú dúdú, ọ̀nà atẹ́gùn á sì máa há. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n ní àárọ̀, á máa fà sẹ́yìn. Kò sí oògùn tí o lè dà sínú táńkì tó máa fọ̀ ọ́, nítorí epo inú táńkì ò gba ibẹ̀ kọjá. Àfi kí o tú mánífóòlù, páìpù tí atẹ́gùn ń gbà dé fáàfù, kí o sì ha á. Lókè òkun, wọ́n ń fi atẹ́gùn fọ́n èèpo wálínọ́ọ̀tì tí wọ́n lọ̀ sí i, ó ń ha èédú láìha irin. Ford gbà pé ìṣòro náà wà: láti 2017, 3.5 wọn ní nọ́sù méjì fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn fáàfù. Toyota fi irú ètò yẹn sínú Tundra náà. Bí ẹ bá ń yan tòkunbọ̀ láàárín 2016 àti 2017, ẹ fi èyí sínú ìṣirò yín.

Ìkejì ni pọ́ǹpù epo, ọmọṣẹ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ níbí. Agbára epo nínú ẹ́ńjìnì EcoBoost àkọ́kọ́ lè dé 2,150 psi. Táyà ọkọ̀ jẹ́ 35. Ẹ ti rí ọmọ tó ń fi ọwọ́ wá ibi tí epo ti ń jò, tó ń fi ìka di ibẹ̀. Nínú ọkọ̀ yìí, epo tó bá jáde láti ihò tí ojú ò rí lè gún awọ wọlé bí abẹ́rẹ́, á wọ inú ẹran ara. Kì í dùn ẹni púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ibi tó ti léwu nìyẹn, nítorí ọmọ náà á rò pé kò sí nǹkan, nígbà tó bá fi di alẹ́ ọwọ́ á ti wú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé epo ló wọ inú ara. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan tú páìpù yìí nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹ tú agbára rẹ̀ sílẹ̀ ná.

Epo fúnra rẹ̀ ló ń fi òróró sí ara pọ́ǹpù yìí nínú. Bí omi bá wà nínú epo, tàbí èérí, tàbí ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, pọ́ǹpù ló kọ́kọ́ ń jìyà. Ẹ rántí oṣù Kejì 2022, nígbà tí epo tí mẹ́tánóòlù rẹ̀ ti pọ̀ jù wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ má jẹ́ kí táńkì gbẹ débi tí iná á fi tàn, ìsàlẹ̀ táńkì ni èérí ń sùn sí.

Mo wá padà sí ọ́ìlì. Ó kéré tán, iṣẹ́ mẹ́ta ni à ń bẹ ọ́ìlì kan náà nínú ẹ́ńjìnì yìí: kó gbé bẹ́árìn, kó gbé ọ̀pá tọ́bò, kó sì gbé ooru tọ́bò lọ. Bẹntiróòlù díẹ̀ tún ń jò lára sílíńdà sọ̀kalẹ̀ bá a, ó ń mú kó fẹ́lẹ́ jù. Lórí rẹ̀ náà ni irú nọ́ọ̀kì kan tún wà tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: bí o bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátá nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń yí lọ́ra, tí ẹrù sì wà lẹ́yìn, ẹ̀kán ọ́ìlì tó dàpọ̀ mọ́ epo lè gbiná kí pulọ́ọ̀gì tó dáná rárá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo irú èyí lè fọ́ písítìnì. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi tún ọ́ìlì pò, tí òṣùwọ̀n API SP fi jáde ní 2020. Ẹ wá lẹ́tà méjì yẹn, SP, tàbí ti òṣùwọ̀n tó tuntun jù ú lọ, lára agolo. Bí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí agolo náà bá ń ṣe yín ní kàyéfì, ẹ fi sílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀. Ní tèmi, kílómítà 5,000 ni mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀, ohun yòówù kí ìwé ọkọ̀ sọ, nítorí eruku wa àti gósíló wa kì í ṣe ti Michigan. Bí o bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹrù gun òkè dé, má pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Jẹ́ kó mí fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Bí o bá pa á, ọ́ìlì á dúró sójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó gbóná bí ẹyin iná, yóò sun, yóò di èédú nínú ihò tó yẹ kó gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá àgbẹ̀ kan gbé píkọ́ọ̀pù onítọ́bò rẹ̀ wá láti ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ó ní ọkọ̀ ò fà mọ́, òkè kékeré ló ń bá a jà. Ẹnìkan ti sọ fún un pé tọ́bò ti kú, ó ti ń wá owó tí yóò fi ra òmíràn. Mo pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, mo pààrọ̀ kọ́ìlì méjì, mo fọ sẹ́ńsọ̀. Mo fi kọ̀ǹpútà wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, bàbá ń wọ mọ́tò èrò lọ sóko. Ó ṣì ń dùn mí. Ọjọ́ kan ni mo jókòó tí mò ń wo fọ́gànáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Ó fẹ́ táyà, ó da omi ọṣẹ sí i, ó rí ibi tó ti ń hó, ó sì lẹ̀ ẹ́. Mo dìde. A dí ẹnu ọ̀nà atẹ́gùn ọkọ̀ bàbá, a fi atẹ́gùn díẹ̀ sí i láti inú kọ́mpúrẹ́sọ̀ fọ́gànáísà yẹn, kò ju 10 psi lọ, mo sì da omi ọṣẹ sí gbogbo rọ́bà tó lọ sínú intercooler, ohun tó ń mú atẹ́gùn tọ́bò tutù kó tó wọ ẹ́ńjìnì. Ibẹ̀ ló ti hó, lábẹ́, níbi tí ojú ò tó. Rọ́bà ti ya, kò gùn ju èékánná lọ. Tọ́bò ń fẹ́ ewìrì rẹ̀ tọkàntọkàn, atẹ́gùn ń bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó dé ààrò. Tọ́bò ò kú rárá. Rọ́bà kan ni.

Láti ìgbà náà, omi ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè kí n tó béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ tún ṣọ́ pulọ́ọ̀gì: nínú ẹ́ńjìnì onítọ́bò, àlàfo ẹnu rẹ̀ kéré, bíi 0.8 mílímítà nínú EcoBoost, nítorí atẹ́gùn tó fún pọ̀ ń mú kó ṣòro fún iná láti fò kọjá. Pulọ́ọ̀gì tí a kàn hó jáde láti inú páálí tí a ò wọn ẹnu rẹ̀ lè jẹ́ kó máa mísì bí a bá tẹ̀ ẹ́.

Tọ́bò méjì ló wà lórí tábìlì yìí, láti inú ọkọ̀ méjì tó ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ bọ́ síwájú, ẹ̀yin ọmọṣẹ́, kí ẹ fọwọ́ bà á. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di orí ọ̀pá mú. Ẹ kọ́kọ́ yí i, ó gbọ́dọ̀ yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ wá tì í sí ọ̀tún àti òsì: á mì díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, ọ́ìlì ló máa ń kún àlàfo yẹn nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ohun tí a ò fẹ́ ni kí etí abẹ̀bẹ̀ kan ara ilé rẹ̀. Ẹ fà á síwájú, ẹ tì í sẹ́yìn: níbẹ̀ yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọdọ̀ mì rárá. Èyí tó wà lápá òsì ṣì ní ọjọ́ pípẹ́ níwájú. Ẹ gbé èyí tó wà lápá ọ̀tún sún mọ́ etí, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń ha ilé.